Sìgá Kò Sí Nílé Oògùn Mọ́
Ìwé pẹlẹbẹ ìlera fún àwọn ìdílé Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Massachusetts



Bí ẹ bá wọ ilé oògùn ní Massachusetts lónìí láti gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá tàbí oògùn ikọ́ fée ọmọ, ẹ kò ní bá páálí sìgá lẹ́yìn ẹni tó ń gbowó. Òfin ló kó o kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ òfin náà, ká sì jẹ àǹfààní rẹ̀.

KÍ NI ÒFIN WÍ?

San Francisco ni ìlú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fòfin de títa tábà nílé oògùn, lọ́dún 2008. Boston tẹ̀ lé e. Ní oṣù Keje 2018, Gómìnà Charlie Baker fọwọ́ sí òfin tó kan gbogbo Massachusetts, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ṣe irú rẹ̀ rí kó tó dìgbà náà. New York ṣe tirẹ̀ ní 2020.

• Ilé oògùn kò gbọdọ̀ ta sìgá, aṣáà, tábà jíjẹ tàbí vape.
• Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ní ilé oògùn nínú kò gbọdọ̀ tà á pẹ̀lú.
• Níbikíbi, wọn kò gbọdọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21.
• Ṣíngọ́ọ̀mù nikotíìnì àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tó ń ran amusìgá lọ́wọ́ láti jáwọ́, ṣì wà nílé oògùn.

KÍ LÓ FA ÒFIN YÌÍ?

Sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ó ń pa nǹkan bí 480,000 èèyàn lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà. Kò tọ́ kí a máa fi ọwọ́ ọ̀tún fún aláìsàn lóògùn, kí a máa fi tòsì ta májèlé fún un.

Kí òfin yìí tó dé, ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ ló ń jìyà títa sìgá nílé oògùn jù. Á wá ra ṣíngọ́ọ̀mù nikotíìnì. Bó ṣe ń yọ owó, sìgá tó fẹ́ kọ̀ ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán.

Ní 2014, kí òfin yìí tó dé, CVS, ilé iṣẹ́ tó ní ilé oògùn káàkiri Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ kó tábà kúrò ní gbogbo ilé oògùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ìrajà àwọn ìdílé wò, wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó jẹ́ pé CVS nìkan ni wọ́n ti ń ra sìgá tẹ́lẹ̀, àǹfààní pé èèyàn kò ní ra sìgá mọ́ fi ìdá 38 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ. Bí sìgá bá jìnnà sí ọ̀nà ẹni, ó ń rọrùn láti gbàgbé rẹ̀.

KÍ LẸ LÈ ṢE NÍLÉ?

1. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ èéfín.
2. Ẹ sọ fún apoògùn pé ẹ fẹ́ jáwọ́. Ẹ ka gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún un, nítorí jíjáwọ́ nínú sìgá máa ń yí bí àwọn oògùn kan ṣe ń ṣiṣẹ́ lára padà.
3. Ẹ pe 1-800-QUIT-NOW fún ìrànlọ́wọ́ láti jáwọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè béèrè fún ògbufọ̀.
4. Bí ẹ bá ní MassHealth, ètò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ yìí, ẹ ní kí dókítà kọ oògùn ìjáwọ́ fún yín, kí wọ́n lè bá yín san owó rẹ̀.
5. Bí ẹni tó ti jáwọ́ bá tún fà á, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó bọ́.

Bí ẹ bá rí ilé oògùn tó ṣì ń ta tábà, ẹ fi tó àjọ ìlera ìlú yín létí. Bí amusìgá bá sì wà nílé yín, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ apoògùn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ.