FÍSÀ IṢẸ́ NÍ ÌLÚ ỌBA: TA NI YÓÒ SAN OWÓ RẸ̀?



Ẹ̀kọ́ wa dá lórí físà Skilled Worker, èyí tí ìjọba Ìlú Ọba fi rọ́pò Tier 2 (General) ní ọdún 2020. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni Certificate of Sponsorship. Bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jọ ti ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà kan ni, tí agbanisíṣẹ́ ń fún ẹnì kan ṣoṣo láti orí kọ̀ǹpútà Home Office, fún iṣẹ́ kan pàtó. Agbanisíṣẹ́ tí ó ní àṣẹ nìkan ló lè fúnni, orúkọ irú wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba fún ẹnikẹ́ni láti wò.

Agbanisíṣẹ́ ni yóò san owó nọ́ńbà náà. Láti ìparí ọdún 2024, òfin kò gbà á láyè láti gbé e lé òṣìṣẹ́ lórí. Owó físà fúnra rẹ̀ ni a lè ní kí ẹ san. Ẹni tí ó bá wá ń ta nọ́ńbà yìí fún yín ní mílíọ̀nù náírà, ìbáà ṣe ará mọ́ṣáláṣí kan náà, ẹ bi í léèrè: ta ni ọ̀gá mi? Iṣẹ́ wo ni? Èló ni owó oṣù? Nínú fíkíhì, títa ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ olùtà kò tọ́. Bí iṣẹ́ náà kò bá sì sí lójú ayé, irọ́ ni ẹ buwọ́ lù. Ó lè dí ọ̀nà físà yín fún ọdún 10.

Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́ àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ láti òkèèrè, ìwọ̀n owó ọdọọdún gbogbogbòò sì di £41,700. Ẹni tí ó ṣì ń polówó iṣẹ́ ìtọ́jú náà fún yín, ọjà tí ó ti tú ló ń ná.

Bí nọ́ńbà òtítọ́ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, oṣù mẹ́ta péré ni ẹ ní láti fi béèrè físà. Ẹ tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ.