Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ìkéde Ọdún Ìbílẹ̀ Lórí Rédíò

Ọ̀rọ̀ onídùúró ni a sọ ní oṣù tó kọjá. Ti oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ fàájì lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ni. Rédíò ìjọba kì í dákẹ́ lórí ọdún ìbílẹ̀, eré orí ìtàgé àti àfihàn iṣẹ́ ọnà tó ń bọ̀ lọ́nà. Àwa tí a ń ta adìrẹ, aṣọ òfì, ìlẹ̀kẹ̀ àti oúnjẹ ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ fetí sí i.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ ẹ̀rọ náà láyé ìgbà tí wọ́n ń fa wáyà rẹ̀ wọlé káàkiri Ìbàdàn, láti 1939. Orúkọ náà bá a mu. Yóò sọ tirẹ̀, kò ní gba èsì. Bí ẹ bá ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà nígbà tí ó ń dárúkọ ọjọ́, kò ní dúró dè yín.

Èmi akọ̀wé yín gan-an ni mo fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa (ó gbà mí láyè kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ òun) yá ₦200,000 láti fi ra adìrẹ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni. Mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ nígbà tí mo ń fá irùngbọ̀n, pé ọdún yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan báyìí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ fún un. Màmá dé Òṣogbo lọ́jọ́ náà, ó gba yàrá, ó san owó ibi ìpàtẹ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, owó oúnjẹ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀ padà wálé. Aṣọ márùn-ún péré ló tà.

Irọ́ kọ́ ni rédíò pa o. Ọdún bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí n kò gbọ́ délẹ̀ ni pé nǹkan bí ọjọ́ méjìlá ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń gbà. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àtáọ́ja àti àwọn ìjòyè yóò fẹsẹ̀ rìn la ìgboro kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, tí yóò máa jó mọ́jú. Ìborí adé tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ àṣekágbá ni Arugbá ń ru igbá láti ààfin lọ sí igbó Ọ̀ṣun, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ọjọ́ yẹn ni èrò ń wọ́ dé, títí kan àwọn ọlọ́ṣun láti òkè òkun. Ọjọ́ yẹn ni ọjà wà. Màmá sì ti padà délé lọ́jọ́ náà, ó ń wo ẹrù.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ "yóò bẹ̀rẹ̀", ẹ má tíì pa rédíò. Ẹ dúró gbọ́ ọjọ́ àṣekágbá.

Àwọn ọdún kan wà tí ọjọ́ wọn kì í dúró sójú kan. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn régbérégbé àti àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń lọ júbà Awùjalẹ̀, ọjọ́ kẹta Iléyá ló ń bọ́ sí. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni ó jẹ́ ní 2024. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà èṣí ra ẹran yóò pẹ́ dé. Ọdún tí wọ́n sì fi sí ọjọ́ kan tún lè yẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè FESTAC: wọ́n ti ń retí rẹ̀ ní 1975, ó di ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1977 kí ó tó wáyé l'Ékòó.

Ohun mìíràn ni pé ìkéde lè má sọ èèwọ̀ ìlú. Bí wọ́n bá ń ṣe ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀, nínú oṣù kẹsàn-án, a kì í lu ìlù, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ẹ wá wo ẹni tó yáwó ra gèlè lọ síbẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ bi onílùú.

Ó ku ìkéde tí àwa fúnra wa ń fi ránṣẹ́ sí rédíò, bí irú ti ọjọ́ ìpàtẹ ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìgbìmọ̀ má kọ "ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀" mọ́. Wọ́n lè ka ìkéde kan léraléra fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá kà á lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Àbámẹ́ta mìíràn ni olùgbọ́ yóò rò. "Ọ̀la" tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, kí ẹ kọ "agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́", kì í ṣe "ìrọ̀lẹ́" lásán. Ẹ sọ bóyá ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Ẹ fi àmì ohùn sórí orúkọ ibi gbogbo, torí ẹni tí yóò kà á kò mọ àdúgbò wa: "Owo" tí kò ní àmì lè jẹ́ ìlú, ó lè jẹ́ náírà, ó sì lè jẹ́ ìgbálẹ̀. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí ẹ óò fi síbẹ̀, kí ó jẹ́ ti ẹni tí yóò gbé e.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ti fẹnu kò. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá ń yáwó nítorí ọjà ọdún yóò kọ ọjọ́ àṣekágbá sínú fọ́ọ̀mù, yóò sì sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Ìwé kan wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì fún irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ̀kan, kí ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò àti ọjọ́ tó gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kí ó wá sọ fún mi, n óò bá a kọ ọ́. Ìyá aládìrẹ wa ló kọ ti àkọ́kọ́ síbẹ̀. Ó ti san ẹ̀yáwó rẹ̀ tán ní oṣù kejì ọdún yìí, ó sì ti tún gba fọ́ọ̀mù.