Ẹ̀KỌ́: ÌMỌ̀ ỌPỌLỌ ÀTI GÀRÍ INÚ ILÉ WA

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ wa kan ní Ikaram bá wí pé òun fẹ́ fi àkókò ìsinmi yunifásítì lọ kọ́ nípa ọpọlọ àti iṣan ara ní òkè òkun, kí ni a ó wí? Ẹlòmíràn nínú wa lè bèèrè pé, “Ṣé wèrè ni yóò máa tọ́jú ni?”

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí a bí ní 1935, tí ó sì kú ní 1995. Ó kọ́ ìmọ̀ yìí dé ìlú Ọba, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láàrin àwọn ará Ẹ̀pẹ́, ó rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti kú, tí ìrìn wọn kò gún mọ́, tí ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì. Ó bèèrè oúnjẹ wọn: ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lálẹ́. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1968, ó so àìsàn náà mọ́ oró tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́.

Kí ni a rí kọ́?
1. Kí a má ṣe kánjú yan gàrí. Kí ẹ̀gẹ́ tí a rin kan dáadáa nínú àpò, kí omi rẹ̀ sì jò tán.
2. Kí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin máa bá a rìn. Wọ́n ń ran ara lọ́wọ́ láti borí oró náà.
3. Kí a má ṣe dá ọmọ lẹ́kun. Ìmọ̀ tí ó gbà lọ́nà jíjìn lè padà wá wọ inú ìkòkò wa.

Ìbéèrè: Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ tìrẹ ń lò nínú àpò?