ÌMỌ̀ Ẹ̀RỌ NÍNÚ OÚNJẸ WA: Ẹ̀KỌ́ TÍ GÀRÍ KỌ́ WA



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá oúnjẹ, tí Ó sì fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè tó fi ń sọ ohun tó korò di ohun tó ṣe é jẹ. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ̀rọ̀ ayé lásán, ṣùgbọ́n tó kan ẹ̀sìn wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ni ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ṣíṣe oúnjẹ. A kò ní rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní Ara wa níbí, àti ní gbogbo agbègbè Ẹdẹ, gàrí ni àpẹẹrẹ náà. Púpọ̀ nínú yín ló jẹ́ pé owó gàrí ni àwọn ìyá yín fi ra wàláà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ilé kéwú.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá gbọ́ halal, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí. Wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí méjèèjì nínú oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka Àlùkùránì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kejì wà tó máa ń bá halal rìn: tayyib. Halal ni èyí tí òfin gbà wá láyè láti jẹ. Tayyib ni èyí tó dára, tó mọ́, tí kò ní ṣe ara ní jàǹbá. Gàrí jẹ́ halal láìsí iyèméjì. Ìbéèrè tiwa ni pé: ǹjẹ́ gàrí tí à ń ṣe lóde òní jẹ́ tayyib?

IBI TÍ Ẹ̀GẸ́ TI WÁ

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe irè ilẹ̀ Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Ó pẹ́ kí ó tó tàn ká àárín wa. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀ láti Brazil, tí à ń pè ní Àgùdà, àti àwọn Sàró láti Sierra Leone, mú ìmọ̀ ṣíṣe gàrí tàn kálẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe igi ẹ̀gẹ́ nìkan ni a gbà lọ́wọ́ àlejò. Ìmọ̀ bí a ti ń ṣe é ló sọ ọ́ di oúnjẹ. Lónìí, Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo àgbáyé.

IṢẸ́ ỌWỌ́ ÀTI IṢẸ́ Ẹ̀RỌ

Kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ ni a fi ń rin ẹ̀gẹ́. A óò fi ìṣó lu páànù lálulu, a óò kàn án mọ́ pákó, a óò sì máa ha ẹ̀gẹ́ tí a ti bó mọ́ ọn lára. Ìka àwọn ìyá wa ló ń jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a óò dì í sínú àpò, a óò gbé òkúta ńlá lé e lórí. Òkúta yìí yóò máa fún omi rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí ó bá gbẹ, a óò jọ̀ ọ́, a óò sì yan án nínú agbada.

Dahomey, tí í ṣe orílẹ̀-èdè Benin lónìí, wà lára ibi tí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀, láàárín ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí àwọn Faransé ń fẹ́ kí gàrí pọ̀ fún títà sí òkè òkun. Àwọn alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà tiwa náà kọ́ ọgbọ́n yìí, wọ́n sì ń rọ tiwọn. Ní ọdún 1956, ìjọba dá ilé ìwádìí tí à ń pè ní FIIRO sílẹ̀ ní Òṣòdì, ní Èkó. Lára iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni bí ẹ̀rọ yóò ti gba iṣẹ́ gàrí ṣe láti ìpele dé ìpele.

Ní ọdún 1967, wọ́n dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Dókítà Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, dé ibẹ̀ ní 1971. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú irú ẹ̀gẹ́ tuntun jáde, èyí tó lè dúró de àrùn tí ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tó sì ń ta ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn ará Ìkirè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, fi oyè Séríkí Àgbẹ̀ dá a lọ́lá ní 1983. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe pọ̀ sí i lóko ni ọwọ́ kò ká a mọ́ nílé, tí ẹ̀rọ sì di dandan.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ ìrin ni jáàkì dé. Jáàkì tí a fi ń gbé ọkọ̀ sókè ni wọ́n fi ń tẹ àpò gàrí. Ohun tí òkúta ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, jáàkì lè ṣe é láàárín wákàtí díẹ̀.

A kò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Ọmọbìnrin tí kò bá fi gbogbo alẹ́ rin ẹ̀gẹ́ ni yóò ráyè wá sí ilé kéwú àti ilé ìwé. Ìtura fún àwọn ìyá wa ni, a sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lórí rẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá èyí tó korò, èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Èròjà mìíràn tún wà tó ń jẹ́ linamarase. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà ní odidi, oníkálukú wà ní àyè tirẹ̀. Ọjọ́ tí a bá rin ín ni àwọn méjèèjì pàdé. Ìkejì yóò fọ́ ìkíní, sáyánáìdì yóò sì ti ibẹ̀ jáde. Májèlé gidi ni sáyánáìdì. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà méjì tó ṣe wá láǹfààní: ó ń bá omi ṣàn lọ, ó sì ń bá ooru fò lọ.

Ní báyìí, ẹ wo iṣẹ́ tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń ṣe:

1. Rírin ń fọ́ ẹ̀gẹ́ kí èròjà méjèèjì lè pàdé.
2. Ìdúró nínú àpò ń fún wọn ní àkókò láti parí iṣẹ́. Ìgbà yìí kan náà ni gàrí ń kan.
3. Fífún ń gbé omi tí májèlé wà nínú rẹ̀ jáde.
4. Yíyan lórí iná ń lé èyí tó ṣẹ́ kù lọ.

Àwọn àgbà wa kò gbọ́ orúkọ linamarin rí, ṣùgbọ́n wọn kò fo ìpele kan. Ẹ̀rọ ìrin tilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé ó ń lọ ẹ̀gẹ́ kúnná ju ọwọ́ lọ, èyí sì ń jẹ́ kí èròjà méjèèjì pàdé dáadáa. Ìpele kejì ni ẹ̀rọ kò lè bá wa ṣe. Jáàkì lè fún omi, kò lè bá wa dúró.

IBI TÍ EWU WÀ

Ẹni tó rin ẹ̀gẹ́ ní òwúrọ̀, tó fi jáàkì fún un ní ọ̀sán, tó sì yan án ní ìrọ̀lẹ́, ti jèrè ọjọ́ mẹ́ta. Owó yóò tètè wọlé. Ṣùgbọ́n ó ti gba àkókò lọ́wọ́ iṣẹ́ tí ojú kò rí. Bí ẹ̀gẹ́ náà bá jẹ́ èyí tó korò, tí iná kò sì tó nígbà tó ń yan án, májèlé yóò kù nínú ohun tí ọmọ ọlọ́mọ yóò mu.

Ẹ má ṣe rò pé àròsọ ni. Ní ọdún 1981, ọ̀gbẹlẹ̀ mú ní ìpínlẹ̀ Nampula ní Mozambique. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù fún àwọn ará oko láti jẹ, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró kí ó gbẹ bó ti yẹ. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ẹsẹ̀ wọn le gbagidi lójijì, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Àrùn yìí ni wọ́n ń pè ní konzo. Ẹni tó bá ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde ní 1968. Ó ṣàlàyé àrùn kan tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀ a máa kú tipiri, ìrìn a máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú a sì máa ṣe bàìbàì. Ó so ó mọ́ jíjẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé e ti jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á. Ohun tó dájú ni pé èròjà inú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran ni ara fi ń sọ sáyánáìdì di aláìlágbára. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ gàrí lásán lójoojúmọ́ ló sún mọ́ ewu jù. Ẹ̀pà tí à ń jù sínú gàrí kì í ṣe fún adùn nìkan.

A kò sọ èyí kí ẹ̀rù lè bà yín. Gàrí tí a ṣe bó ti yẹ jẹ́ oúnjẹ àlàáfíà. Òṣùwọ̀n kárí ayé tí à ń pè ní Codex sọ pé sáyánáìdì inú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílógíráàmù 1. Níbí ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1993, ló ń mójú tó oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tẹ̀lé gbogbo agbada tó wà lẹ́yìn ilé? Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ìyẹn.

ǸJẸ́ ÌYÁRA BURÚ?

Ẹnìkan lè bi wá pé: "Ẹ̀yin àáfà, ṣé ẹ fẹ́ kí a padà sí ìdí òkúta ni?" Rárá o. Ẹ wo ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí IITA àti àwọn mìíràn kọ́ àwọn ènìyàn láti ṣe, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Láàárín wákàtí 24 ni wọ́n ń ṣe é parí, kò sì gbọdọ̀ kan rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí májèlé rẹ̀ kéré ni wọ́n ń ṣà, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n ń fún un gbẹ dáadáa, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná gbẹ ẹ́. Wọ́n mú àkókò kúrò, wọ́n fi ìmọ̀ dípò rẹ̀.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí gúnlẹ̀ sí nìyí: ẹni tó bá fẹ́ yọ ìpele kan kúrò nínú iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìpele náà ń ṣe, kí ó sì mọ ohun tí yóò fi dí àlàfo rẹ̀. Ẹni tó yọ ọ́ láìmọ̀, tó sì gbé e lọ sọ́jà, ti tan ẹni tó rà á.

OJÚṢE WA

Lọ́nà kìíní, kí ẹni tó ń ṣe gàrí láàárín wa jẹ́ kí ó dúró nínú àpò fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ó sì yan án kí ó gbẹ. Kí a máa fọ ẹ̀rọ, kí irin tó ti dípẹtà má ṣe kan ẹ̀gẹ́.

Lọ́nà kejì, omi tí a fún lára ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú. Kí a má ṣe dà á sí ojú odò, sí ẹ̀bá kànga, tàbí sí ibi tí ewúrẹ́ aládùúgbò yóò ti mu ún. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni.

Lọ́nà kẹta, kóńgò. Ẹni tó ṣe gàrí dáadáa, tó wá lu ìdí kóńgò wọlé, ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ rántí ìjọ Ànábì Ṣuaib, ẹ sì rántí ohun tí Súrátùl Mutaffifin dá lé lórí.

Lọ́nà kẹrin, èyí tó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Ẹ má ṣe lọ bá àwọn ìyá wa bí ọlọ́pàá. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ mélòó ni èyí ti wà nínú àpò?" Ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ju wa lọ. Ohun tí wọ́n á sọ fún yín ni pé: "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ó yẹ kó dúró, ẹni tó yá mi lówó ni kò ní dúró." Owó èlé ló ń lé wọn sáré. Ẹ̀yin ará, bí ẹgbẹ́ wa bá lè da owó jọ, kí a máa yá wọn láìsí èlé, èyí tí à ń pè ní qard hasan, a ó ti ra ọjọ́ mẹ́ta náà padà fún wọn. Ìyẹn ju wáàsí lásán lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín halal àti tayyib? Ẹ fi oúnjẹ mìíràn ṣe àpẹẹrẹ.
2. Iṣẹ́ wo ni ìdúró nínú àpò ń ṣe tí jáàkì kò lè ṣe?
3. Oúnjẹ tàbí ohun mímu wo tún ni a ti ń fo ìpele kan ní àdúgbò yín?
4. Èló ni ẹ̀ka yín lè dá jọ lóṣù láti fi ran ẹlẹ́gàrí kan lọ́wọ́?

Kí Ọlọ́hun fi halal tó jẹ́ tayyib bọ́ wa, kí Ó sì má jẹ́ kí ọwọ́ wa wà nínú ohun tí yóò ṣe ọmọ ẹlòmíràn ní jàǹbá. Àmín.