Ọjọ́ Kan, Ìtàn Púpọ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọjọ́ Kẹtàdínlógún Oṣù Kọkànlá

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ wa jókòó láti yan ọjọ́ tí a ó fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, tí ó gba oyè ní Yunifásítì Ìbàdàn, dábàá pé kí a mú ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá. Ó ní ọjọ́ náà ni Yunifásítì máa ń ṣe ìrántí ìdásílẹ̀ rẹ̀, àti pé ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Agbowó bá aládùúgbò rẹ̀ yọ̀. Kò tíì jókòó tán tí bàbá kan nínú àwọn òbí fi dìde. Wọ́n ní àwọn kò lè jó ní ọjọ́ náà, nítorí pé òun ni ọjọ́ tí Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba ní ọdún 1993, ohun tí ojú ìdílé àwọn sì rí lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì tán lára àwọn. Yàrá ìpàdé dákẹ́ rọ́rọ́. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ni gbogbo ojú yí sí, pé kí a wá sọ ẹni tí ó tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì. A bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n fún wa ní àyè láti fi ìwé dáhùn. Ìdáhùn náà nìyí.

Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1948, Arthur Creech Jones, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà, bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí Yunifásítì Ìbàdàn dúró lé títí di òní. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pè é nígbà náà, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì wà títí di ọdún 1962. Àwọn ìjòyè àti àwọn ará Ìbàdàn ni wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, tí ó lé ní 1,000 hẹ́kítà, àdéhùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún 999. A máa ń sọ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ọdún 999, kì í ṣe ti ara rẹ̀ ni ó ń rò. Agbowó tí a mọ̀ lónìí, pẹ̀lú ilé àyágbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé àti àwọn olóúnjẹ tí iná wọn kì í tètè kú lóru, ẹnu géètì Yunifásítì ni ó ti ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Láti oṣù Kìíní ni iṣẹ́ ti ń lọ lábẹ́ Kenneth Mellanby, ọ̀gá àkọ́kọ́, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé ìwòsàn rí ní Ẹlẹ́yẹlé. Bí ó bá ṣe pé ọjọ́ tí olùkọ́ àkọ́kọ́ kọ nǹkan sí ojú pátákó ni wọ́n mú, oṣù Kìíní ni wọn ì bá máa ṣe ìrántí. Ọjọ́ tí wọ́n bu erùpẹ̀ ni wọ́n yàn. Ènìyàn ni ó yan ọjọ́ náà, ọjọ́ kọ́ ni ó yan ara rẹ̀.

Ọdún 45 lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1993, ọjọ́ náà sì tún bọ́ sí Ọjọ́rú, Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn kúrò lórí àga, Abacha, tí ó jẹ́ mínísítà fún ètò ààbò nínú ìjọba kan náà, sì jókòó sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà rántí. Ìbò ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń borí nínú rẹ̀, ni Ọ̀gágun Babangida fagi lé. Nígbà tí ó di ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, Babangida fà sẹ́yìn, ó sì fi Ìjọba Fìdíhẹ sílẹ̀ fún Ṣónẹ́kàn. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ti ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó dájọ́ pé ìjọba náà kò bá òfin mu. Ọ̀sẹ̀ kan gééré lẹ́yìn ìdájọ́ náà ni ológun wọlé. Wọ́n tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, wọ́n pa àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ́, àwọn gómìnà sì kó ẹrù wọn kúrò ní ilé ìjọba, títí kan Olóyè Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá tiwa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni Abacha lò kí ikú tó mú un ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 1998. Ní ọjọ́ 7, oṣù Keje ọdún náà, Abíọ́lá náà kú ní àtìmọ́lé. Ohun tí bàbá yẹn gbé wá sí ìpàdé kì í ṣe ìtàn ìwé.

Ọjọ́ kan náà, oṣù kan náà, Ọjọ́rú kan náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn àmì yóò ti máa mi orí. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ nìyí: kí wọ́n tó sọ pé ọjọ́ kan ní ẹsẹ̀ rere tàbí ẹsẹ̀ búburú, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ kejì tilẹ̀ mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ wà. Kò sí ìdí kankan tí ó fi hàn pé àwọn ológun ọdún 1993 ń ro Creech Jones àti ṣọ́bìrì rẹ̀. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àti rògbòdìyàn ìlú ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Irú ìpàdé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n bí a ti rò. Ẹ kó ènìyàn 23 jọ sínú yàrá kan, kí ẹ béèrè ọjọ́ ìbí wọn: ó ju ìdajì lọ pé ẹ ó rí méjì tí a bí ní ọjọ́ kan náà. Bí wọ́n bá tó 40, bí iye ọmọ kíláàsì wa kan, ó tó ìgbà 9 nínú 10. Ó ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu, títí a ó fi ṣàlàyé pé nínú ènìyàn 23, ọ̀nà 253 ni a lè gbà mú wọn ní méjì-méjì. Ọdún ní ọjọ́ 365, ìtàn ayé sì ní ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò níye. Wọn kò lè ṣàì pàdé. Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé ni ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì yẹn, bọ́ǹbù bú ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Àbújá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, òjò ti gbá afárá àti ilé lọ ní Ìbàdàn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá a lọ. Ọjọ́ tí Ṣónẹ́kàn gba ìjọba náà sì ni. Ta ni yóò so òjò mọ́ bọ́ǹbù, tí yóò so méjèèjì mọ́ Ìjọba Fìdíhẹ?

Àwọn baba wa kò ní wàhálà yìí rárá. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ tiwọn, ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà, 365 kò sì pín sí mẹ́rin gérégé. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìgbà, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá kan ní Ìbàdàn ṣe ń sọ pé ọdún tí Ògùnpa kún ni àwọn bí ọmọ, èyí tí í ṣe ọdún 1980. Kàlẹ́ńdà ni ó mú kí a lè sọ pé “ọjọ́ òní gan-an”, kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ sì ń yí padà. Ìwé máa ń sọ pé ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1558 ni Elizabeth Kìíní di ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n fi kà á. Ní ti kàlẹ́ńdà tí a ń lò nísinsin yìí, ọjọ́ 27 ni. Ẹni tí ó bá kó ọjọ́ náà mọ́ àwọn yòókù ti ṣi ọjọ́ mẹ́wàá kà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò parí sí pé ìpàdé lásán ni gbogbo rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1939, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Prague. Wọ́n pa ènìyàn mẹ́sàn-án láìṣe ẹjọ́, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 1,200 lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni, wọ́n sì ti gbogbo yunifásítì àwọn ará Czech pa. Ìsìnkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ìṣègùn, Jan Opletal, tí wọ́n yìnbọn fún nígbà ìwọ́de, ni ó bí wọn nínú. Ní ọdún 1941, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kóra jọ sí Lọ́ńdọ̀nù ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àgbáyé. Nígbà tí ó pé 50 ọdún, ní ọdún 1989, tí ọjọ́ náà tún bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Prague jáde láti rántí Opletal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá lù wọ́n. Ìlú dìde, kí oṣù Kejìlá sì tó tán, Václav Havel tí ìjọba ti jù sí ẹ̀wọ̀n rí ti di ààrẹ. Èyí kì í ṣe ìpàdé lásán: àwọn ti ọdún 1989 mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1939, òun gan-an ni ó gbé wọn jáde. Ní ti Athens, níbi tí ọkọ̀ ogun onírin ti wó géètì ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kan náà ní 1973, ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti wà nínú ọgbà náà ni ó kàn bọ́ sí i.

Nínú ìwé Ẹ́sítérì, Hámánì ṣẹ́ ìbò láti mọ ọjọ́ tí yóò pa àwọn Júù run, ìbò sì mú ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejìlá. Ọjọ́ náà kò yí padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó yí. Àwọn Júù kò sì pa á rẹ́ nínú kàlẹ́ńdà wọn: wọ́n fi ìbò tí ọ̀tá ṣẹ́ sọ orúkọ àjọ̀dún wọn, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń jẹ àsè tẹ̀ lé e.

A gbé ìwé yìí lọ síwájú ìgbìmọ̀, a sì kà á. Bàbá náà béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí a bá mú ọjọ́ náà? Akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó dábàá ọjọ́ ni ó dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀yin ni, sà.”

Nítorí náà, ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́. Bàbá yóò sọ ti ilé wọn kí ẹgbẹ́ akọrin tó dìde. A bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì wa ní ọdún 1993 pé bí ẹ bá ṣì ní lẹ́tà, ìwé àkọsílẹ̀ tàbí ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́, kí ẹ mú un bọ̀. Àwọn ọmọ SS2 yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọn yóò sì dá a padà fún yín kí ẹ tó lọ.