Kí Ara Aboyún Dẹ̀, Kí Etí Tiyín Là

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ àwọn aboyún Lewisham àti Peckham ní London bí wọ́n ṣe ń fi èémí àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ dín ẹ̀rù ìrọbí kù, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀rù ẹ̀kọ́ hypnobirthing yìí fúnra rẹ̀ kúrò lọ́kàn ìyá náà. Bí àwọn obìnrin wa bá gbọ́ hypnosis, onídán orí tẹlifíṣọ̀n tó ń mú èèyàn sùn tipátipá ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Òmíràn á ní pásítọ̀ òun kò ní gbà. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa gba ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pa ọkàn pọ̀ sójú kan kí ara lè dẹ̀, ó sì lè lajú nígbà tó bá wù ú.

Grantly Dick-Read, dókítà ará England, ti ṣàlàyé ìdí tí ara fi gbọ́dọ̀ dẹ̀ láti 1933: ẹ̀rù ń mú iṣan le, iṣan tó le ń dá kún ìrora, ìrora náà á tún bí ẹ̀rù mìíràn. Ní 1989 ni Marie Mongan ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀kọ́ HypnoBirthing tirẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù keje oyún. Kí ìyá fi imú fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka 4, kó rọra fi ẹnu tú u jáde títí ẹ ó fi ka 8. Ẹ máa wo àgbọ̀n rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ṣì di ìkúùkù, ara kò tíì gbọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó máa ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan. Kó ṣe é nínú bọ́ọ̀sì 436, láàárín ariwo, torí yàrá ìrọbí kì í dákẹ́.

Àwọn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n ń tà máa ń sọ̀rọ̀ etí òkun àti òdòdó. Ó dára fún ẹni tó bá bá lára mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Àbẹ̀kẹ́ láti kékeré, oríkì rẹ̀ ni kí ẹ gbà sílẹ̀ fún un. Mo ti rí obìnrin tó di irin bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kì í láti Ìbàdàn lórí WhatsApp, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìka rẹ̀ tú. Ẹni tó bá fẹ́ Sáàmù, ẹ fún un ní Sáàmù. Ẹni tó bá fẹ́ àsíkìrì, kó ṣe àsíkìrì.

Ẹ má purọ́ fún wọn pé kò ní dùn wọ́n. Ìwádìí kan lórí obìnrin 680 ní àríwá England, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé ẹ̀kọ́ yìí kò dín iye àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn (epidural) kù. Ohun tó ṣe ni pé ẹ̀rù àti àníyàn ìrọbí kò bá wọn tó bí wọ́n ṣe rò. Èrè ńlá nìyẹn lójú tèmi. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́, tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kò kùnà rárá. Èémí kan náà á bá a dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Àwọn agbẹ̀bí Albany ní Peckham, láti 1997 sí 2009, máa ń rí i pé ìyá ti mọ agbẹ̀bí rẹ̀ dáadáa kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin wọn ló bímọ sílé. Kí ẹ̀yin náà mọ ìyá kí ẹ tó kọ́ ọ.

Èyí tó ká mi lára jù ló kù. Lọ́dọọdún ni ìròyìn MBRRACE-UK, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú àwọn ìyá, ń fi hàn pé ewu ikú nítorí oyún fún obìnrin aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ yìí ju ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun lọ. Obìnrin tó ń mí jẹ́jẹ́ tí kò pariwo, wọ́n lè rò pé ìrọbí rẹ̀ kò tíì múlẹ̀, tàbí pé kò sóhun tó ń ṣe é. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọkọ tàbí àbúrò tó máa tẹ̀ lé e pé kó máa gbẹnu sọ fún un. Bí ọmọ kò bá yí nínú mọ́ bó ṣe ń yí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí orí bá ń fọ́ ọ tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, kí ó má jókòó máa ka èémí. Ilé ìwòsàn ni kó pè, ì báà jẹ́ òru. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá kankan, ẹ rí i pé nọ́ńbà àwọn agbẹ̀bí wà lórí fóònù tirẹ̀ àti ti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé.