Kékeré Labẹ́rẹ́, Kì í Ṣe Mímì fún Adìyẹ

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Kí ọmọ tó bá ń ta iyùn, yẹtí àti òrùka lórí WhatsApp láti Okpomèta, lórílẹ̀-èdè Benin, fi òwe yìí sọ́kàn kó tó fi ẹrù àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Bí àpò àgbàdo kan bá dín nínú ọkọ̀, ojú á rí i. Okùn iyùn tó tó owó àpò mélòó kan lè wọ àpò ṣòkòtò èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má fura.

Àwọn baba wa mọ èyí. Nínú àrokò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra, iye owó ẹyọ àti bí wọ́n ṣe kọjú síra lórí okùn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Bí ẹyọ kan bá já bọ́ lọ́nà, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wá páálí pẹlẹbẹ kan, tẹ́ iyùn náà sórí rẹ̀, fi sẹ́lótéèpù dè é kó má lè rìn. Fi ọ̀rá wé e nítorí òjò, gbé e sínú àpótí páálí kékeré, kí o sì fi òwú tàbí ìwé ìròyìn dí gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù. Gbé e sétí, kí o mì í. Bí o bá gbọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ, tú u, kí o tún un dì: ohun tí o gbọ́ yẹn ni ẹlòmíràn náà máa gbọ́. Má sọ òrùka sínú àpòòwé lásán láé, pàápàá tó bá ń lọ sí Faransé tàbí Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣa lẹ́tà níbẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó ń fà á kọjá, ohun líle tó bá yọ gọngọ á ya ìwé, á sì bọ́ dànù.

Fi orúkọ àti nọ́ḿbà fóònù ìwọ àti oníbàárà sínú rẹ̀. Lóde, má kọ “wúrà”, má kọ “iyùn”. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ tó náwó sí ọ̀rá aláràbarà tó ń kígbe ohun tó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo gáréèjì.

Wo owó nínú MoMo rẹ fúnra rẹ kí ẹrù tó kúrò nílé. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníbàárà fi hàn ọ́ kì í ṣe owó. Bó bá jẹ́ awakọ̀ ni o fẹ́ fi rán láti Kétu, ya fọ́tò ẹrù náà àti nọ́ḿbà ọkọ̀, kí o sì pe oníbàárà kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ lójú rẹ. Awakọ̀ olóòótọ́ gan-an ni fọ́tò yẹn máa gbè lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé. Ohun tí o kò bá ní agbára láti san padà, má fi rán an bẹ́ẹ̀.

Nílé ìfìwéránṣẹ́, mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín recommandé àti valeur déclarée. Recommandé tó ń lọ sókè òkun máa ń ní nọ́ḿbà tí o lè fi tọpa rẹ̀: lẹ́tà ábídí méjì, nọ́ḿbà mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà BJ. Ṣùgbọ́n bó bá sọnù, iye tí wọ́n ti là kalẹ̀ ni wọ́n máa san, kì í ṣe iye iyùn rẹ. Ní ti valeur déclarée, o máa sọ iye ọjà náà, o máa sanwó lé e, iye yẹn ni wọ́n sì máa fi ṣírò àdánù. Àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, UPU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bern lọ́dún 1874, kò tilẹ̀ fẹ́ kí wúrà tàbí ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye wà nínú lẹ́tà lásán láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń gba valeur déclarée, nítorí náà béèrè ní káńtà kí o tó dá iye fún oníbàárà.

Oníbàárà lè bẹ̀ ọ́ pé kí o kọ iye kékeré sórí ìwé aṣọ́bodè. Má gbà. Ẹní bá ta erùpẹ̀ á gbowó òkúta: iye kékeré náà ni wọ́n máa mú dá ọ lóhùn bí ẹrù bá sọnù.

Oṣù mẹ́fà, láti ọjọ́ kejì tí o fi ẹrù ránṣẹ́, ni òfin àgbáyé fún ọ láti wádìí rẹ̀. Bí nọ́ḿbà tí o fi ń tọpa ẹrù náà kò bá rìn mọ́, má dúró kí oníbàárà kọ́kọ́ bínú. Mú ìwé-ẹ̀rí, fọ́tò àti ẹ̀rí owó, kí o padà sí káńtà tí o ti fi í sílẹ̀.